Bí Àká Bá Kún Nínú Àpótí Agbàwòrán

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú ya ilé ọmọ Yorùbá kan ní ìlú Houston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ní àpótí kan lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, irú èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní DVR, tí í bá a gba eré sílẹ̀ nígbà tí ó bá wà níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìlú náà fi ọmọbìnrin rẹ̀ hàn níbi tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọrin. Àpótí gbà á sílẹ̀. Ìyá àgbà ń bọ̀ láti Ìbàdàn, òun ni wọ́n ń tọ́jú orin náà dè. Ìyá àgbà dé, gbogbo ilé jókòó, wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n, orin ọmọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Olè kò wọlé o. Àyè ni ó tán. Àpótí sì pa èyí tí ó ti pẹ́ jù rẹ́, kí ó lè rí ibi kó tuntun sí.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò ní kí ó lọ ra dísìkì kún un. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe é láìbéèrè lè pàdánù ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Háàdì dísìkì ni ó wà nínú àpótí náà, ọmọ ìyá èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Àwo pẹlẹbẹ ni. Púpọ̀ nínú wọn ń yí nǹkan bí ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, apá tín-ín-rín kan sì ń fi agbára òòfà kọ àwòrán àti ohùn sí i lára ní nọ́ńbà. Ẹ pè é ní àká. Gígábáìtì ni a fi ń wọn bí ó ti tóbi tó. 1,000 gígábáìtì ni tẹràbáìtì kan.

Báwo ni eré kan ti ń gba àyè tó? Ìkànnì tí a fi eríàlì mú ní Amẹ́ríkà lè kó tó mẹ́gábíìtì 19.39 wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bíìtì 8 ni báìtì kan. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ẹ mú gègé yín: ẹ pín in sí ọ̀nà 8, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìgbà 3,600, ẹ ó rí i pé wákàtí kan lè jẹ tó gígábáìtì 8.7. Àká tí ó jẹ́ 500 yóò gba nǹkan bí wákàtí 57, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni ìdíje bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹyọ kan ṣoṣo, a máa ju wákàtí 3 lọ!

Ìṣòro yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí TiVo dé ọjà ní 1999, èyí tí ó kéré kò gbà ju wákàtí 14 lọ, èyí tí ó tóbi gba 30, ìyẹn náà bí a bá fara mọ́ àwòrán tí kò mọ́ tó. Kò pẹ́ tí àwọn onílé fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdè àpótí, tí wọ́n ń da ohun inú dísìkì kọ sórí èyí tí ó tóbi jù ú lọ, tàbí tí wọ́n ń fi èkejì tì í. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti kọsẹ̀. Ẹni tí ó fi 200 gígábáìtì sí i, 137 péré ni àpótí rí. Ẹ wo òtẹ́ẹ̀lì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò gbà ju nọ́ńbà ẹsẹ̀ méjì lọ: bí wọ́n bá kọ́ yàrá 200, ta ni yóò rí èyí tí ó kọjá 99? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àpótí ayé ìgbà náà; nọ́ńbà tí ó fi ń ka àyè ni ó tán.

Nígbà tí ó yá, àwọn aṣàpótí lu ihò sí i lẹ́yìn kí a lè so dísìkì mọ́ ọn láti ìta. Ó rọrùn, àbí? Ṣùgbọ́n àpótí kan kò ka dísìkì ìta sí bí èkejì ti kà á sí. TiVo tí ó jáde ní 2006 dà bí ẹni tí ó wó ògiri tí ó fi yàrá kún ilé: eré kan ṣoṣo lè ní apá kan nínú, kí ìyókù wà níta. Bí ẹ bá yọ dísìkì ìta, àwọn eré tí ẹ gbà lẹ́yìn tí ẹ so ó lọ nìyẹn. Àpótí DirecTV tí ó ní ihò eSATA dà bí ẹni tí ó kó lọ sí ilé tuntun tí ó ti ilẹ̀kùn ti àtijọ́ pa. Bí dísìkì ìta bá wà lára rẹ̀, ẹ kò ní rí àwọn eré ti inú. Ẹ má sunkún, bí ẹ bá pa á, tí ẹ yọ dísìkì, tí ẹ tún un tàn, wọn a padà. Ti DISH ni èmi fẹ́ràn jù. Àká ẹ̀yìnkùlé ni ó kà á sí, tí a ń kó eré lọ síbẹ̀ láti inú ilé. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbà á, yóò kọ́kọ́ nu gbogbo ohun tí ó wà lórí dísìkì náà. Ẹ má ṣe gbé èyí tí fọ́tò ìgbéyàwó yín wà lórí rẹ̀ fún un láé.

Ẹ má sì rò pé ẹ lè gbé dísìkì náà lọ wò nínú kọ̀ǹpútà tàbí nílé aládùúgbò. Àwọn iléeṣẹ́ ti fi àgádágodo nọ́ńbà tì í, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tí ó yá àpótí lò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kò gbọdọ̀ tú u, nítorí ohun olóhun ni. Ẹni tí ó fẹ́ ra dísìkì, kí ó ra irú èyí tí a ṣe fún iṣẹ́ ọ̀sán òun òru, tí ó ní wáyà iná tirẹ̀. Àpótí ń kọ ohun tí ń lọ lórí ìkànnì sílẹ̀ láìdúró, àní bí ẹnikẹ́ni kò bá wò ó. Kí ó gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, nítorí ooru ni ọ̀tá rẹ̀.

Ní ti bàbá ọmọ tí ń kọrin, kí ó tó náwó rárá, ohun kan wà tí ó yẹ kí ó ti ṣe. Ọ̀pọ̀ àpótí wọ̀nyí ni ó ní ibi tí a ti lè pàṣẹ fún un, lórí eré kọ̀ọ̀kan, pé kò gbọdọ̀ pa á rẹ́ àfi bí onílé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Kò gbà ju kí a tẹ rìmóòtù lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ.