Wíwọn Èso Àtúnṣe Nínú Ẹ̀kọ́: Àpẹẹrẹ Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀

Bí a bá ní kí ilé-ẹ̀kọ́ kan jábọ̀ lórí àtúnṣe tí ó ṣe, iye ìwé tí wọ́n pín àti iye olùkọ́ tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ ni a sábà máa ń gbọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nìyẹn, kì í ṣe èso rẹ̀. Èso ni ohun tí ọmọ lè ṣe báyìí, tí kì bá tí lè ṣe bí kò bá sí àtúnṣe náà.

Láti mọ èyí, a nílò ọmọ mìíràn tí a ó fi í wé. Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe nìyí ní ọdún 1970, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A', Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ kíláàsì àkànṣe ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Kíláàsì ìfiwéra lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀rù tí irú ètò báyìí máa ń dá ba òbí ni pé Gẹ̀ẹ́sì ọmọ yóò bàjẹ́. Ìdí nìyí tí inú wa fi dùn pé kì í ṣe ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì nìkan ni wọ́n wọ̀n. Wọ́n wọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, àwọn ọmọ kíláàsì àkànṣe sì ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ níbẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n kí a má tíì pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì kíkọ́ dunjú ni wọ́n fún kíláàsì àkànṣe. Kíláàsì ìfiwéra kò ní irú rẹ̀. Ṣé èdè ni ó mú ọmọ yege ni, àbí olùkọ́? Àti pé ilé-ìwé tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń wọlé tí wọ́n ń jáde kì í ṣe irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń bá pàdé nígbà tí wọ́n bá lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Ìgbà tí wọ́n mú iṣẹ́ náà dé àwọn ilé-ìwé mìíràn ni àyẹ̀wò gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Owó Ford Foundation ni ó gbé iṣẹ́ Ifẹ̀ ró. Owó irú èyí máa ń tán. Nítorí náà, ní tiwa, a dámọ̀ràn pé kí olùwádìí wọn ọmọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó fún un ní àyọkà tí kò rí rí, kí ó sì ní kí ó sọ ohun tí ó kà. Kí ó tún padà lọ ní ọdún kan lẹ́yìn tí owó bá tán, láti wò ó bóyá olùkọ́ ṣì ń lo ìwé náà, tàbí ó ti wà ní títì pa nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá.