Ǹjẹ́ Onílù Mọ Orúkọ Ọmọ Yín?

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìyàwó ilé, bí onílù bá dúró ní ẹnu ọ̀nà yín lónìí tí ó sì béèrè oríkì ọmọ yín, kí ni ẹ óò sọ fún un? Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò dáhùn pé Tọ́pẹ́ tàbí Ráṣídì ni ọmọ ń jẹ́, kò sì ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àdùkẹ́ tàbí Àkànní ọmọ náà wà lẹ́nu ìyá àgbà nílé, ìyá àgbà sì ti ń darúgbó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń tọ́ ọmọ ní ìlú Ẹdẹ ju ẹlòmíràn lọ. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba níbí láti 1946 títí di 1975, jẹ́ ọba tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún. Ó kàwé, Kìrìsìtẹ́nì sì ni, síbẹ̀ kò rí ohun ìtìjú kankan nínú kí ọba gbé ìlù kọ́ èjìká. Ní 1959 ó kọ àpilẹ̀kọ lórí ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ṣì ka ìlù sí iṣẹ́ alágbe. Ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa jogún nínú ìgboyà yẹn.

Kì í ṣe ti pé kí a pe onílù wá ní ọjọ́ ìparí ọdún, kí ó kí àwọn òbí, kí wọ́n lẹ owó mọ́ ọn níwájú, kí ó sì máa lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ó jókòó ti àwọn ọmọ, kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan igi ọmọ tàbí igi apá tí a fi gbẹ́ ìlù. Onílù yóò sọ fún wọn pé àwọn àgbà fẹ́ràn igi tí ó hù lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí pé ó ti gbọ́ ohùn ènìyàn pẹ́. Kí wọ́n bá a na awọ ewúrẹ́, kí wọ́n sì fa ọ̀ṣán kí wọ́n lè gbọ́ bí ohùn ṣe ń ga sí i.

Lẹ́yìn èyí ni kí ó wá fi orúkọ wọn kọ́ wọn. Àjọkẹ́ yóò dún bí dò, re, mí. Ṣùgbọ́n bí ó bá lu Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́ àti Àbẹ̀kẹ́ yóò jọ dìde, nítorí dò, dò, mí ni gbogbo wọn. Àkànní pàápàá lè dìde! Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò ti rí ìdí tí onílù kì í fi í pe orúkọ nìkan, tí ó fi ń fi oríkì ìdílé kún un, kí olúkúlùkù lè mọ̀ pé òun ni a ń pè. Ọmọ tí kò ní oríkì yóò kàn jókòó ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá àwọn ọmọbìnrin yọ.

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ ọwọ́ ń dí ìwé lọ́wọ́. Ẹ wo Òṣogbo tí kò jìnnà sí wa. Ní 1962 ni Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá ẹgbẹ́ Mbari Mbayo sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó di 1964, Georgina Beier kó àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò dé ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà rí jọ, ó sì fún wọn ní ọ̀dà àti pákó. Ọ̀kan nínú wọn ni Mùràínà Oyèlámì. Ó di ayàwòrán tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, ó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì kọ ìwé lórí bí a ṣe ń lu dùndún.

Níbi ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀yin ìyá fúnra yín lè ṣe olùkọ́. Ẹ̀kọ gbágùúdá àti ìyẹ́ adìyẹ ni a fi ń ya ọnà sára aṣọ funfun kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò kì í gba aró. Àwọn ìyá wa ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sára aṣọ Ìbàdàndùn. Kí ni ó dé tí àwọn ọmọ Ẹdẹ kò fi lè ya ìlù, odò Ọ̀ṣun àti ojú irin tí ó gba ìlú wọn kọjá sára tiwọn? Nike Okundaye, tí ó dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́.

Síbẹ̀, ẹ má retí ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ onílù. Oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ ọ́, kí ẹ sì dá owó jọ. Bí ẹ̀sìn bá ń kọ ẹnìkan lóminú, kí ó rántí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Àyàn ni ó jẹ́ Mùsùlùmí tí ń kírun lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n kí onílù tó dé, ẹ mú ìwé kékeré kan tọ ìyá àgbà lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ kọ oríkì ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ti ìyá àti ti baba. Ẹ fi àmì ohùn sí i pérépéré, nítorí ohùn yẹn ni onílù yóò lù.