Ìsúnmọ́ra Àgùàlà àti Júpítà: Ìmúrasílẹ̀ Ojú àti Ìmúrasílẹ̀ Ọ̀rọ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 9, oṣù Òkúdù, ọdún 2026, ìràwọ̀ arìnkiri méjì tí ìmọ́lẹ̀ wọn hàn kedere yóò súnmọ́ ara wọn ní apá ìwọ̀-oòrùn. Àkọ́kọ́ ni àgùàlà, èyí tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń pè ní Venus. Èkejì ni Júpítà. Àlàfo tí yóò hàn láàárín wọn yóò jẹ́ nǹkan bíi dígírì 1.6. Ojú lásán tó láti rí wọn. Síbẹ̀, ìwòran náà ń béèrè ìmúrasílẹ̀ oríṣi méjì: ti ojú àti ti ọ̀rọ̀. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé méjèèjì, nítorí pé bí olùkọ́ bá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde láti wo ọ̀run láìní ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó péye fún ohun tí wọ́n ń wò, ohun tí etí wọn bá gbọ́ lè ba ohun tí ojú wọn rí jẹ́.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an?

Oòrùn ni ayé, àgùàlà àti Júpítà ń yí po, ọ̀nà tí oníkálukú wọn ń tọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ bákan náà, bí ẹni pé orí àwo pẹrẹsẹ kan ni gbogbo wọn wà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ojú ipa tóóró kan náà ni ẹni tí ó wà láyé ti máa ń rí wọn lójú ọ̀run. Àgùàlà ń yí oòrùn po ní nǹkan bíi ọjọ́ 225. Júpítà ń lo ọdún tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá a máa lé èyí tí ó ń fà bá, a sì máa kọjá lára rẹ̀.

Ẹni tí ó bá dúró sí etí ọ̀nà márosẹ̀ lóru yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí. Iná ọ̀kadà tí ó wà nítòsí àti iná tírélà tí ó ṣì wà lókèèrè lè dà bí ẹni pé wọ́n fara kan ara wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí ó wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì kò kéré. Ní ìrọ̀lẹ́ tí à ń sọ yìí, àgùàlà yóò wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 180 kìlómítà sí ayé. Júpítà yóò wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 900. Júpítà tóbi ju àgùàlà lọ fíìfíì, nítorí pé ìbú rẹ̀ tó ìlọ́po 11 ìbú ayé, nígbà tí àgùàlà kò tó ayé tán. Síbẹ̀ àgùàlà ni yóò mọ́lẹ̀ jù, ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà tàbí méje, nítorí pé ó súnmọ́ oòrùn, ó súnmọ́ ayé, ìkùukùu tí ó bò ó sì ń dá ọ̀pọ̀ ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà.

Irú èyí ti wáyé rí. Ní ọjọ́ 21, oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 2020, Júpítà àti Sátọ̀n súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àlàfo wọn kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá dígírì lọ. Wọn kò tíì súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1623. Síbẹ̀, ní òfuurufú gan-an, ohun tí ó wà láàárín wọn lé ní mílíọ̀nù 700 kìlómítà.

Ọ̀rọ̀ wo ni ó yẹ?

‘Ìpàdé’ ni ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn láti kọ́kọ́ wá sí ẹnu. Ṣùgbọ́n bí Yorùbá bá ní ẹni méjì pàdé, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì dé. Àgùàlà àti Júpítà kò dé ibì kan náà. ‘Ìforígbárí’ àti ‘ìkọlù’ tún burú ju ìyẹn lọ: ẹni tí ó bá gbọ́ pé ìràwọ̀ méjì fẹ́ kọlu ara wọn kò jẹ̀bi bí àyà rẹ̀ bá já. Nípa báyìí, ọ̀rọ̀ tí a kò yẹ̀ wò dáadáa lè sọ ohun ìwòran di ohun ìbẹ̀rù.

Kì í ṣe pé èdè Yorùbá kò ní òye tí a nílò níhìn-ín. Òwe kan tí ó gbajúmọ̀ sọ pé àgùàlà ń bá oṣù rìn, àwọn ènìyàn ṣebí ajá oṣù ni. Bẹ́ẹ̀ àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí: pé ẹni tí ó ń bá ọlọ́lá rìn kì í ṣe ẹrú rẹ̀ dandan. Ṣùgbọ́n orí àkíyèsí ojú ọ̀run ni òwe náà dúró lé. Àwọn tí ó pa á ti rí i pé àgùàlà máa ń wà lẹ́bàá oṣù ní ìgbà mìíràn, tí oṣù yóò sì tún fi í sílẹ̀. Wọ́n ya ohun tí ó hàn sí ojú sọ́tọ̀ kúrò lára bí nǹkan ti rí gan-an. Ìlànà kan náà gan-an ni ó yẹ kí a fi wo àgùàlà àti Júpítà.

Nítorí náà, ‘ìsúnmọ́ra lójú’ ni àpilẹ̀kọ yìí dábàá. Ọ̀rọ̀ náà ‘lójú’ ni ó gbé iṣẹ́ náà rù: ó fi hàn pé ọwọ́ ẹni tí ń wò ni ìsúnmọ́ra náà wà, kì í ṣe òfuurufú. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ máa lo ‘ìpàdé’ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, kò sí aburú, bí ó bá ti ṣe àlàyé yìí lẹ́ẹ̀kan. Ní ti Júpítà, ó sàn kí a fi orúkọ àyálò sílẹ̀ fún un ju kí a pè é ní ‘àgùàlà ńlá’, èyí tí yóò sọ ọ́ di ẹbí ohun tí kò bá tan.

Bí olùwòran yóò ṣe múra sílẹ̀

Ní ilẹ̀ Yorùbá, oòrùn yóò wọ̀ ní nǹkan bí agogo méje ìrọ̀lẹ́ ní àsìkò yẹn, díẹ̀ sí àríwá ìwọ̀-oòrùn. Kí olùwòran ṣàmì sí ibi tí ó wọ̀ gan-an, nítorí pé ibẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ méjèèjì yóò ti wọ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì àti díẹ̀. Ibi tí ilé tàbí igi kò ti dí apá ibẹ̀ ni kí ó dúró sí. Bí agogo méje àbọ̀ bá lù, kí ó na apá rẹ̀ tán, kí ó di ìkúùkù. Ìkúùkù kan tó nǹkan bíi dígírì 10. Nǹkan bíi mẹ́ta láti ilẹ̀ ni yóò mú un dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìka ọmọńdinrín nìkan tó dígírì kan. Àtàǹpàkò ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dí àlàfo wọn, èyí tí ó lé díẹ̀ ní ìbú òṣùpá mẹ́ta.

Báínókúlà kékeré wúlò, bí ọwọ́ kò bá gbọ̀n. Ó lè fi díẹ̀ hàn lára òṣùpá Júpítà mẹ́rin tí Galileo rí ní ọdún 1610. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e sójú kí oòrùn tó wọ̀ tán: ó lè fọ́ ojú.

Àsìkò òjò ni oṣù Òkúdù, nítorí náà kò bọ́gbọ́n mu láti gbẹ́kẹ̀ lé alẹ́ kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 13 ni ó yẹ kí a máa wò, nítorí pé nǹkan bíi dígírì kan péré ni àlàfo náà ń fi yí padà lójoojúmọ́. Ṣáájú ọjọ́ 9, àgùàlà ni yóò wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, òun ni yóò bọ́ sókè. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán rẹ̀ ní alaalẹ́, kí ó kọ déètì, aago àti bí ojú ọjọ́ ti rí sí i. Ẹni tí ó wà ní Àjàṣẹ́, Bàhíà tàbí Lọ́ńdọ̀nù lè ṣe bákan náà: aago àti ìdagun wọn yóò yàtọ̀, àlàfo náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Kí a má sì ti ìwé náà pa ní ọjọ́ 13. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 17, oṣù tuntun yóò wà lẹ́bàá àgùàlà pẹ́kípẹ́kí, gẹ́gẹ́ bí òwe ti wí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 18, oṣù yóò ti fi í sílẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó ju ìkúùkù kan lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ya àwòrán alẹ́ méjèèjì yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ìdí tí àgùàlà kì í fi í ṣe ajá ẹnikẹ́ni.