Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ Tí A Jogún: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Agboolé Òwu-Ìsin

Ìwé yìí wà fún ẹni tí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ṣubú lulẹ̀ lójijì tó sì kú nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọgọ́ta ọdún. Ó wà fún ẹni tó ti gbọ́ rí tí wọ́n ń sọ nípa ilé wọn pé, "Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ kì í dàgbà." Ní Òwu-Ìsin níbí àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í ṣàìrí ẹni tí wọ́n á di ẹrù rẹ̀ lé lórí. Wọ́n á ní ayé ló ṣe é, tàbí ìyàwó, tàbí orogún ìyá. A kò wá bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn tó kù nílé wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, torí àrùn kan wà tó máa ń pa ènìyàn báyẹn, tó ń ti ara òbí bọ́ sí ara ọmọ, tí oògùn rẹ̀ sì wà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní kolẹ́sítírọ́ọ̀lù, kì í ṣe májèlé. Ara nílò rẹ̀, ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ sì ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ló ń kó irú rẹ̀ kan, èyí tí ìwé àyẹ̀wò ń kọ ní LDL, kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kó má baà pọ̀ jù. Dókítà méjì ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, Michael Brown àti Joseph Goldstein, ló ṣàwárí ohun tí ẹ̀dọ̀ fi ń mú ọ̀rá yìí. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ náà ní 1985. Ẹni tó bá jogún àléébù níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí kan, nǹkan bí ìdajì ohun ìmú yìí ni kì í ṣiṣẹ́. Ẹ fojú inú wo ọjà tó ní agbálẹ̀ mẹ́wàá, tí márùn-ún nínú wọn kì í wá. Ọjà náà kò ní kún fún pàǹtí lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n láti inú oyún ni ti ẹni tó jogún àléébù yìí ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rá tí kò rí ẹni kó o á máa lẹ̀ mọ́ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn á fi fún.

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ jẹnotáìpù. Ọmọ gbọ́dọ̀ gba S lọ́wọ́ bàbá, kó gba S lọ́wọ́ ìyá, kó tó lè di SS. Tèyí kò rí bẹ́ẹ̀: òbí kan ṣoṣo ti tó. Nínú gbogbo oyún tí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá ní, ìdá 50 nínú 100 ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ gbà á, ìyẹn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Ọmọ tí kò bá gbà á kò lè gbé e fún ọmọ tirẹ̀.

Kárí ayé, ẹni tó ní i tó 1 nínú nǹkan bí 250 sí 300. Bí ènìyàn 1,000 bá péjọ síbi ìnáwó kan, ẹ ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́ ọn, púpọ̀ wọn kò sì mọ̀. Èyí tó burú jù ni ti ọmọ tó gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá: ọkàn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè daṣẹ́ sílẹ̀ kó tó pé ogún ọdún. Òfin àwọn bàbá wa pé ìbátan kì í fẹ́ ìbátan ń dín irú èyí kù. Ní Gúúsù Áfíríkà, láàrin àwọn Afrikaner tó jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ tó ti Yúróòpù wá, ó tó ẹni 1 nínú nǹkan bí 100 tó gbà á lọ́dọ̀ òbí kan.

"Ṣé kì í ṣe àrùn olówó ni?"

Rárá. Ìbéèrè yìí la máa ń gbọ́ jù, òun ló sì ń dá àwọn ènìyàn dúró sílé. Ẹni tó ń kọ ebè iṣu láti àárọ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í rí ẹran jẹ àfi ọjọ́ ọdún, lè ní i. Ẹni tó sanra lè má ní i.

Kì í sì í ṣe àrùn òyìnbó. Lóòótọ́, ìwádìí tí Jonathan Cohen àti Helen Hobbs gbé jáde ní 2006 fi hàn pé láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bí ẹni 1 nínú 40 jogún ohun tó yàtọ̀ pátápátá: LDL tiwọn fi nǹkan bí ìdá 28 nínú 100 kéré sí ti àwọn yòókù, àrùn ọkàn láàrin wọn sì dín ní ìdá 88 nínú 100. Láti ara ìmọ̀ yìí ni wọ́n ti rí abẹ́rẹ́ tuntun tó jáde ní 2015, tí owó rẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ wa. Ẹ̀jẹ̀ wa lè gbé ire, ó lè gbé ibi. Ojú kò lè yà á sọ́tọ̀, àyẹ̀wò nìkan ló lè ṣe é.

Àwọn àmì díẹ̀ wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ kì í ní ìkankan. Ẹ wo iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bóyá ó nípọn tàbí ó ní kókó tí kì í dunni. Ẹ wo oríkèé ọmọ ìka ọwọ́. Ẹ wo ìpéǹpéjú bóyá ohun pupa rẹ́súrẹ́sú kan hù síbẹ̀. Bí òrùka funfun bá yí ẹyinjú ká, a máa ń rí i lójú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, kò sì já mọ́ nǹkan kan. Lójú ẹni tí kò tíì pé 45 ni ó ti yẹ kó bà wá lẹ́rù.

Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ ńkọ́? Nǹkan bí ìdajì àwọn ọkùnrin tó ní i ni àrùn ọkàn á mú kí wọ́n tó pé 50. Nínú àwọn obìnrin, nǹkan bí 30 nínú 100 ni, kí wọ́n tó pé 60. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí sìgá bá tún kún un, ó tún máa yá sí i. Bí àyà bá ń fún yín mọ́ra bíi kó já, tí ìrora ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bo yín, ẹ má ṣe jókòó ti omi gbígbóná pé gáàsì tàbí ọgbẹ́ inú ni. Ẹ wá ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ òru.

Ẹ bi àwọn ìyá àgbà

Dókítà tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rá yìí wà ní ìdílé kì í sábà lè fi ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo mọ̀ ọ́n. Ìtàn ilé ló ń wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti ya ènìyàn lẹ́nu nìyí: àwọn ìyá tó ń ki oríkì lágboolé lè to orúkọ baba ńlá lé baba ńlá láìṣìnà, wọ́n mọ ẹni tó fẹ́ tani, wọ́n mọ ọmọ tó lọ sí Èkó, Ìlọrin tàbí Kàdúná tí kò padà. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun tó pa bàbá lọ́wọ́ wọn, "Ó sùn, kò jí" ni ẹ máa gbọ́. Ìtìjú wà níbẹ̀, ẹ̀rù sì wà níbẹ̀ pé wọn ò ní fẹ́ ọmọ wa mọ́.

Ẹ má bi wọ́n pé kí ló pa á. Ẹ bi wọ́n pé: ọdún mélòó ni? Ṣé ó ti ń dì mọ́ àyà ṣáájú? Ṣé kókó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ rẹ̀? Ta ló tún lọ báyẹn, lọ́dọ̀ ìyá tàbí lọ́dọ̀ bàbá? Bí ọmọ yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá pè láti béèrè irú nǹkan wọ̀nyí, ẹ má bínú sí i. Níbẹ̀, bí wọ́n bá rí àrùn yìí lára ẹnì kan, wọ́n máa ń ní kó sọ fún òbí, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ rẹ̀ kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò. Ìkìlọ̀ yẹn kan ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ wà nílé.

Àyẹ̀wò àti ìtọ́jú

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá ni. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má jẹun wá, ẹ mu omi nìkan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí yàrá àyẹ̀wò tó sún mọ́ yín kò bá ṣe é, Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin ń ṣe é. Lórí ìwé tí wọ́n bá fún yín, ẹ wá LDL: bí ti àgbàlagbà bá tó 4.9 mmol/L (ìyẹn 190 mg/dl) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà. Á kọ́kọ́ wò ó bóyá àrùn gẹ̀gẹ̀, kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ ló fà á. Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá ní i, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kó tó pé ọdún mẹ́wàá.

Oògùn tí wọ́n máa kọ, statin ni wọ́n ń pè é. Atorvastatin, rosuvastatin àti simvastatin wà lára wọn. Akira Endo, ará Japan, ló kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ lára èébu ní 1973. Ojoojúmọ́ ni, títí láé. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ le, ọ̀rá náà á padà síbi tó wà. Bí ẹran ara bá ń ro yín gan-an, ẹ wá sọ. Obìnrin tó lóyún tàbí tó fẹ́ lóyún gbọ́dọ̀ tètè sọ, torí wọn kì í sábà lò ó nínú oyún.

Ẹ dín ẹran ọlọ́ràá àti epo kù, ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja. Oúnjẹ á ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ kò lè dá ṣe iṣẹ́ náà nínú àrùn yìí. Ní ti àwọn tó ń ta àgbo "afọ̀rá" ní gáréèjì, ẹ bi wọ́n pé kí wọ́n fi ìwé LDL ẹni tó mu ún hàn yín, ti ṣáájú àti ti ẹ̀yìn.

Bí ẹ bá ń bọ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ kọ orúkọ àwọn tó kú lójijì nínú ilé yín wá, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ẹ mú àwọn oògùn tí ẹ ń lò dání. Ẹ tọ́jú ìwé àyẹ̀wò yín, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá yín, torí ìwé yẹn ni wọ́n máa gbé lọ bá dókítà tiwọn.