Kíkó Òkúta Mèremère Jọ Gẹ́gẹ́ bí Ohun Ìgbafẹ́

Oríṣiríṣi ni ohun ìgbafẹ́ tí ọmọ ènìyàn fi ń sinmi lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Ẹlòmíràn fẹ́ràn àtimáa gbá bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn kì í kúrò nídìí ọpọ́n ayò, àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ a máa kó sítáǹbù ara lẹ́tà jọ. Èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún ọ lónìí kò wọ́pọ̀ láàrin wa. Òun ni kíkó òkúta mèremère jọ. Bí o bá sọ fún ará Ìkirè tàbí ará Apòmù pé òkúta ni o ń ṣà, ó lè bi ọ́ léèrè bóyá ilé ni o fẹ́ kọ́. Má jẹ́ kí ìyẹn tì ọ́ lójú. Bí o bá fara balẹ̀ gbọ́ àlàyé mi tán, ìwọ náà yóò rí i pé òkúta tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, àti èyí tó wà nínú àpótí ìyá àgbà, ní ìtàn gbọọrọ láti sọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, jẹ́ kí a mọ irú òkúta tí à ń sọ. Ọ̀kan pàtàkì lára èyí tí àwọn tó ń kó òkúta jọ káàkiri ayé fẹ́ràn ni ágéètì. Lójú lásán, kò jọ nǹkan kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí págunpàgun bí iṣu tí erùpẹ̀ bò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ayùn là á sí méjì tí wọ́n sì dán ojú rẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò kún inú rẹ̀: funfun, pupa, àwọ̀ oyin àti àwọ̀ eérú, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlà ara aṣọ òfì. Kò sí méjì tí ìlà wọn bára mu. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ti ní ọ̀kan fi máa ń wá èkejì.

Níbo ni àwọn ìlà wọ̀nyí ti wá? Nígbà tí òkè oníná bá tú òkúta yíyọ́ síta, afẹ́fẹ́ a máa há sínú rẹ̀, á sì di ihò nígbà tí òkúta náà bá tutù. Omi tó ń sun gba inú àpáta náà a máa gbé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní sílíkà wọ inú ihò yìí. Sílíkà náà a máa lẹ̀ mọ́ ògiri ihò, ìpele lórí ìpele, títí ihò yóò fi dí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Orúkọ ágéètì wá láti ara odò kan ní erékùṣù Sicily ní ilẹ̀ Ítálì, èyí tí àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ń pè ní Achates.

O lè béèrè pé, ‘Ǹjẹ́ a lè rí ágéètì ṣà ní Ìkirè?’ Kí n má tàn ọ́, má retí rẹ̀. Àpáta tó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, láti Ìbàdàn títí dé Ilé-Ifẹ̀, kì í ṣe irú èyí tí òkè oníná tú síta; àpáta líle àtayébáyé ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ágéètì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Òun ni òkúta funfun líle tí à ń rí nínú odò àti lójú ọ̀gbàrá, tí wọ́n ń pè ní kúọ́ọ̀sì. Sílíkà ni àwọn méjèèjì. Bí òjò ńlá bá ti dá, tí omi sì ti fà, lọ sí etí odò tó wà nítòsí rẹ. Ìwọ yóò rí èyí tó funfun bí ẹyin, èyí tó dúdú díẹ̀ bí èéfín, àti èyí tí ìpẹtà inú ilẹ̀ ti pa láró pupa. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

Bí a óò bá rí ágéètì àti àwọn ìbátan rẹ̀ ní ìlú wa, ara ìlẹ̀kẹ̀ àjogúnbá ni ká ti wá wọn. Ìbátan ágéètì kan wà tó pupa, tí wọ́n ń pè ní kanílíánì. Ní Khambhat, ìlú kan ní ilẹ̀ Íńdíà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi iná yan òkúta yìí kó lè pọ́n dáadáa, tí wọ́n sì ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tà fún ilẹ̀ òkèèrè. Ní Idar-Oberstein ní Jámánì, nígbà tí ágéètì tiwọn ń tán lọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wá láti Bùràsíìlì, wọ́n sì ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ń dé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nílé níhìn-ín, láyé àtijọ́, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ìlọrin a máa fi òkúta pupa tí àwọn oníṣòwò kó wá fún wọn ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántànà. Wọn a gé e, wọn a lu ihò sí i, wọn a sì dán an títí yóò fi máa kọ mànà. Ní Igbo-Ukwu, ní ìpínlẹ̀ Anambra, ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 165,000 ni Thurstan Shaw hú jáde láàrin 1959 sí 1964. Gíláàsì ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n kanílíánì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún nínú ilẹ̀.

Má sì gbàgbé pé ọjà Apòmù kì í ṣe ọjà kékeré láyé àtijọ́. Ibẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ìjínigbé tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ wà lára ohun tó bí Ogun Òwu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ibi tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti ń ná ọjà, ìlẹ̀kẹ̀ kò lè ṣàì gba ibẹ̀ kọjá.

Báwo ni o ṣe lè dá òkúta mọ̀ yàtọ̀? Kọ́kọ́ gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ. Òkúta a máa tutù, ó sì wúwo. Rọ́bà kì í tutù, fúyẹ́fúyẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, gbé e sókè sí oòrùn. Bí o bá rí afẹ́fẹ́ róbóróbó wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gíláàsì. Líle rẹ̀ ló kù. Ní ọdún 1812, Friedrich Mohs ṣètò ìwọ̀n líle òkúta láti 1 dé 10. Ágéètì sún mọ́ 7, nítorí náà ọ̀bẹ lásán kò lè ha á, òun gan-an ni yóò ha gíláàsì. Iyùn inú òkun kò ju 3 tàbí 4 lọ, nítorí egungun àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi ni. Ṣùgbọ́n má ṣe fi ọ̀bẹ kan ìlẹ̀kẹ̀ àjogúnbá láéláé. Òkúta odò ni kí o fi kọ́ ọ.

Ìwé àkọsílẹ̀ ni ìdajì iṣẹ́ yìí. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 jáde. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ ń ṣe gíláàsì fúnra wọn láàrin ọ̀rúndún kọkànlá sí kẹẹ̀ẹ́dógún. Wọn ìbá má lè sọ bẹ́ẹ̀ ká ní wọn kò kọ ibi tí wọ́n ti rí nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀. Nítorí náà, lẹ nọ́ńbà mọ́ òkúta rẹ kọ̀ọ̀kan, kí o sì kọ ọjọ́ tí o rí i, ibi tí o ti rí i, àti ẹni tó fún ọ.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí. Ìyá bàbá mi ní okùn ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan tí ó máa ń lò nígbà ọdún. Ní àkókò kan tí owó ilé-ìwé wa di ìṣòro, oníṣòwò kan tó ń kiri dé, ó dá iye tó wù ú lé e, ó sanwó, ó sì lọ. Owó náà ni a fi wọlé ìdánwò, n kò sì lè bá ẹnikẹ́ni wí. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ẹnìkan nínú wa tó bi ìyá léèrè ẹni tó kọ́kọ́ ní i àti ibi tó ti rà á. Ìyá ti di ẹni ilẹ̀. Títí di òní, n kò lè sọ fún ọ bóyá iyùn ni tàbí lántànà. Ẹni tó mọyì wúrà là á tà á fún. Àwa tí a ni ín gan-an ni a kò mọyì rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ní èèwọ̀ tirẹ̀. Má ṣe mú òkúta kúrò ní ojúbọ. Má ṣe wọ inú kòtò tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀, nítorí ó lè ya lù ọ́. Má ṣe walẹ̀ wá ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́, nítorí òfin 1979 lórí ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun àtijọ́ fi dandan lé e pé kí a gba àṣẹ kí a tó hú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tàbí kó wọn jáde kúrò ní Nàìjíríà. Bí o bá sì fẹ́ wo ìlẹ̀kẹ̀ àgbà, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, kí o tọrọ àyè.

Ní ìparí, ohun ìgbafẹ́ yìí kò ná ọ ní nǹkan kan ju ẹsẹ̀ rírìn, ojú tó ń wòye àti ìwé kan. Yóò kọ́ ọ ní ìmọ̀ ilẹ̀ àti ìtàn, yóò sì kọ́ ọ ní sùúrù. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bẹ́rẹ̀ láti ilé rẹ. Bí ìyá àgbà bá ṣì wà láyé, jókòó tì wọ́n ní alẹ́ òní, kí o sì béèrè.