Ṣé o mọ̀? Ẹ̀rọ kékeré tí ó ti ojú ogun bọ́ sí ibi yanrìn

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé ogun ni ó bí ìran àwọn ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ń fa ọkọ̀ ojú irin, àwọn Simplex tí wọ́n tọ́jú sí Leighton Buzzard ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, bí wọ́n ti ń gbé ọta ìbọn lọ sí ojú ìjà ní ilẹ̀ Faransé, èéfín ọkọ̀ eléèéfín a máa tú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fó lójú ọ̀tá lọ́sàn-án, iná inú rẹ̀ a sì máa ṣòfófó wọn lóru. Èyí ni ó mú kí ilé-iṣẹ́ Motor Rail ní Bedford ṣe ẹ̀rọ oníbẹntiróòlù fún wọn, akúrú-má-ṣe-é-fojú-di, tí eré rẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn dọ́gba. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Àṣẹ́kù ohun èlò ogun yìí ni wọ́n rà, tí wọ́n fi la ọ̀nà irin Leighton Buzzard ní 1919 láti máa kó yanrìn. Àlàfo àárín irin rẹ̀ kò ju 610 mìlímítà lọ, nígbà tí ti rélùwéè àtijọ́ láti Èkó dé Kánò jẹ́ 1,067. Nígbà tí ó yá, dísẹ́ẹ̀lì gba ipò bẹntiróòlù: afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ nínú rẹ̀ a gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí epo tí a bá tú sí i yóò gbiná fúnra rẹ̀.

Ẹni iyì ni àwọn tí ó dóòlà irú alágbàṣe bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníjákujàku irin. Láti 1968 ni àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ti ń gbé èrò lórí ọ̀nà náà.