Awakọ̀ Tówìn àti Ọ̀pá Gíà Ọwọ́ Rẹ̀

Awakọ̀ tówìn ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fa ọkọ̀ tó bàjẹ́, tó forí sọ nǹkan tàbí tó já sí kòtò kúrò lójú títì. Kò sí ọ̀nà márosẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá tí ènìyàn máa rìn jìnnà lórí rẹ̀ kí ó tó rí wọn: ọkọ̀ tí apá irin yọ gọnbọ lẹ́yìn rẹ̀, tí húùkù ń fì dirodiro lórí rẹ̀, á dúró sí ẹ̀gbẹ́ afárá tàbí nítòsí ilé epo, awakọ̀ àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á sì máa retí ìpè. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ máa ń rò pé ẹ́ńjìnnì ńlá àti ṣéènì tó yi ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn tó wà nídìí rẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ tó di ọ̀pá gíà mú ni. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tówìn tó wà lójú ọ̀nà ṣì jẹ́ onímánúà; awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, òun ló ń yí gíà, bó bá sì ṣì í yàn, ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ kì í pẹ́ tó fi í hàn án.

Ọwọ́ tó ń darí iṣẹ́ yìí ju ẹyọ kan lọ. Ní ọdún 1977 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká sì wà lára àwọn tó dúró tì í. Ní oṣù kejì ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ dá FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti gbogbo orílẹ̀-èdè, sílẹ̀. Ṣóyínká yìí kan náà ni alága àkọ́kọ́, Olú Agúnlóyè sì ni ọ̀gá àgbà ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́. Èkó dá LASTMA, àjọ tirẹ̀ tó ń darí ìrìnnà ọkọ̀, sílẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 2000. Àjọ méjèèjì tó kẹ́yìn yìí ní ọkọ̀ tówìn tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn aládàáni tún wà káàkiri, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ara wọn jẹun. Ìwé àṣẹ, owó ìtanràn àti ibi tí wọ́n máa wọ́ ọkọ̀ lọ ni òfin ń bá wọn sọ jù. Nípa ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wa ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, òfin kò sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tó sọ ṣá, ó sì kan gíà gbọ̀ngbọ̀n. Nínú àtẹ eré tí FRSC fi lélẹ̀, ọkọ̀ tówìn tó bá ń fa ọkọ̀ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 45 ní wákàtí kan lọ, ìbáà jẹ́ àárín ìlú, ìbáà jẹ́ orí márosẹ̀ tí wọ́n ti gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láyè láti sá 100. Bí kò bá fa nǹkan kan, ó lè sá ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí márosẹ̀. Ẹni tó bá pa òfin yìí mọ́ ti mọ ibi tí gíà rẹ̀ máa wà: kẹta lọ́pọ̀ ìgbà, kẹrin bí ilẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ tí ẹrù kò sì wúwo, kejì lórí òkè. Gíà karùn-ún kò ní iṣẹ́ kankan ní ìrìn bẹ́ẹ̀.

Gíà kì í bu agbára kún ẹ́ńjìnnì. Eré ló ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ipá san án, tàbí kó gba ipá kó fi eré san án. Nínú gíábọ́ọ̀sì onígíà márùn-ún irú èyí tó wọ́pọ̀ nínú píkọ́ọ̀pù, ẹ́ńjìnnì á yí tó ìgbà mẹ́rin kí ọ̀pá tó ń gbé ipá lọ sẹ́yìn tó yí ẹ̀ẹ̀kan ní gíà kìíní. Ní gíà kẹrin, àwọn méjèèjì jọ ń yí dọ́gba. Ní gíà karùn-ún, bíi 0.8 ni ẹ́ńjìnnì ń yí kí ọ̀pá náà tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí bákan náà, ipá tó ń dé ẹsẹ̀ táyà ní gíà kìíní á tó ìlọ́po márùn-ún ti gíà karùn-ún. Ọkọ̀ tó ń fa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ẹrù ara rẹ̀ di méjì láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi sí i. Ibo ló tún ti fẹ́ rí ipá, bí kì í bá ṣe nínú gíà?

Ohun mìíràn tún wà tí gíà kẹrin fi sàn ju karùn-ún lọ fún fífà. Nínú gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wakọ̀, ipá máa ń la àárín kọjá tààrà ní gíà kẹrin, kò ní gba ara eyín gíà kankan. Ní gíà karùn-ún, ìsopọ̀ eyín méjì ló gbọ́dọ̀ gbà kó tó jáde, ẹrù wúwo á sì máa fi eyín wọ̀nyí rin ara wọn, òróró inú gíábọ́ọ̀sì á gbóná. Ìdí nìyí tí àwọn ìwé ìlò ọkọ̀ kan fi kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi gíà karùn-ún fa ẹrù. Àwọn awakọ̀ tó ń fi í fà á ṣáá ń sọ pé epo làwọn ń ṣọ́. Epo wo ni wọ́n ń ṣọ́, nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ti tẹná dé ilẹ̀ tí ọkọ̀ kò sì yára?

Gíà kìíní ni ìbẹ̀rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe máa kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí ṣéènì tàbí okùn irin bá ṣì dẹ̀, awakọ̀ á kọ́kọ́ rọra wọ́ síwájú títí yóò fi le, á dúró díẹ̀, kó tó wá fi ipá sí i. Ẹni tó bá já ọkọ̀ lójijì nígbà tí okùn dẹ̀ ń fi ìlọ́po ẹrù na okùn náà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, okùn irin tó bá sì já lè gé ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́n kì í fi í dúró sí ibi tí okùn náà lè nà dé. Lẹ́yìn èyí, kí ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì pátápátá ni. Fífi kílọ́ọ̀ṣì báláǹsì ọkọ̀ lórí òkè, tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ dánfó mọ̀ ọ́n ṣe bí idán, kò bá iṣẹ́ tówìn lọ: bíréèkì ọwọ́ ló yẹ kó di ọkọ̀ mú títí gíà yóò fi gbé e. Bí ẹrù bá wúwo, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kí kílọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bíi nǹkan tó ń jó, owó kílọ́ọ̀ṣì tuntun sì lè jẹ gbogbo owó tí wọ́n gbà lọ́jọ́ náà.

Ọkọ̀ tó wà nínú kòtò tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ tó ń ká okùn irin ni àwọn tó ní i ń lò. Ẹni tí kò ní i, tó sì ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin bíi Hilux fà, á gbé ọ̀pá kejì sí ẹ̀gbẹ́ tó kéré jù, èyí tó ń dín eré kù fún gbogbo gíà tó wà nínú ọkọ̀. Níbẹ̀, gíà kejì pàápàá lè dára ju kìíní lọ lórí ẹrẹ̀, torí pé ipá tó pọ̀ jù á kàn mú kí táyà máa yí lójú kan ni.

Lórí òkè ni gbogbo ènìyàn ti ń rí iṣẹ́ gíà. Ọ̀nà tó gba Ẹ̀fọ̀n Aláàyè kọjá láàárín Iléṣà àti Adó-Èkìtì fi í hàn dáadáa: òkè lé òkè, kọ́nà lé kọ́nà. Awakọ̀ tówìn tó ń bọ̀ ní 40 nínú gíà kẹta kì í dúró kí òkè mú un lọ́fun. Ní ẹsẹ̀ òkè, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń kọrin, á já gíà wálẹ̀ sí kejì, á sì fi í síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tẹ́ díẹ̀ láàárín, ó lè wu ọwọ́ láti padà sí kẹta. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í ṣe é. Ní ìṣẹ́jú àáyá tí kílọ́ọ̀ṣì wà nísàlẹ̀, kò sí ohun tó ń ti ọkọ̀ síwájú, ẹrù ẹ̀yìn á sì fà á sẹ́yìn tó fi jẹ́ pé nígbà tí kẹta bá wọlé, eré tó lè gbé e ti lọ. Á tún di kejì, bóyá kìíní pàápàá. Ẹ̀ẹ̀mejì irú rẹ̀, ọkọ̀ á dúró.

Etí ni wọ́n fi ń yàn án ju ojú lọ. Ẹ́ńjìnnì dísù sábà máa ń ní ipá jù láàárín ìyípo 1,500 sí 2,500 ní ìṣẹ́jú kan. Ti pẹtiróòlù ń fẹ́ kó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rí tirẹ̀. Ọkọ̀ tówìn mìíràn ti dàgbà dé ibi pé abẹ́rẹ́ tó ń ka ìyípo kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀gá á wá kọ́ ọmọ iṣẹ́ láti gbọ́: bí ẹ́ńjìnnì bá ń kérora, tí ọ̀pá gíà ń gbọ̀n, tí títẹ iná kò mú ohùn rẹ̀ yí padà, gíà ti ga jù. Bí ó bá ń han goorogo, tí abẹ́rẹ́ ooru sì ń gòkè, ó lè ti kéré jù fún ilẹ̀ náà. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà.

Síbẹ̀, ibi tí òkè ti dà wálẹ̀ ló ń pa ènìyàn, òun ló sì yẹ kí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí gbájú mọ́ jù. Ìlànà àtijọ́ kan wà tí kò tíì yẹ̀: gíà tó máa gbé ọkọ̀ gun òkè kan ni kó fi sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ́ńjìnnì tó ṣì so mọ́ táyà á máa di ọkọ̀ lọ́wọ́. Bí gíà bá ṣe kéré tó ni ìdílọ́wọ́ náà ṣe le tó. Ti pẹtiróòlù ń dì í mú dáadáa. Dísù kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń dí ọ̀nà èéfín sí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kó lè ràn án lọ́wọ́. Bíréèkì nìkan kò tó. Bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, á gbóná títí tí kò fi ní lè di táyà mú mọ́, òróró bíréèkì á hó, ẹsẹ̀ á sì kàn máa rì wọlé lásán. Ọkọ̀ tó ń lo afẹ́fẹ́ fún bíréèkì tún ní ewu tirẹ̀: títẹ̀ ẹ́ lemọ́lemọ́ ń jẹ afẹ́fẹ́ tán nínú táńkì rẹ̀.

Ọkọ̀ tí wọ́n ń fà á tún dá kún un. Lórí ìsọ̀kalẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n ń fà á mọ́. Òun gan-an ló ń ti èyí tó wà níwájú. Bí wọ́n bá sì ti gbé orí rẹ̀ sókè sórí húùkù, ìwúwo rẹ̀ á tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ tówìn mọ́lẹ̀, iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ ìdarí kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn. Bíréèkì òjijì níbẹ̀ lè mú kí ọkọ̀ méjèèjì ká bíi ọ̀bẹ ìkápọ̀.

Àṣà kan wà láàárín àwọn awakọ̀ tó yẹ kí wọ́n jẹ́ kó kúrò nílẹ̀: yíyọ gíà sí fírì lórí ìsọ̀kalẹ̀ kí epo má baà jó. Nínú àwọn ọkọ̀ bíi Mack tó ń lo gíábọ́ọ̀sì Roadranger, eyín gíà kì í wọlé bí eré méjèèjì kò bá dọ́gba. Awakọ̀ á tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹná díẹ̀ láàárín. Ẹni tó bá ti yọ ọ́ sí fírì, tí ọkọ̀ sì ti gba eré, lè máa ha ọ̀pá náà mọ́ eyín títí yóò fi dé ìsàlẹ̀ láìrí i fi wọlé. Ohun tí ọkọ̀ ńlá lè ṣe bí kò bá sí ohun tó dì í mú mọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ táńkà kan tí wọ́n ròyìn pé bíréèkì rẹ̀ kọ̀ ṣubú ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá, ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ó gbiná, ènìyàn mẹ́sàn-án kú, ọkọ̀ tó lé ní 50 jóná. Kì í ṣe ọkọ̀ tówìn, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ tówìn ló wá kó èyí tó ṣẹ́kù.

Gíà ọkọ̀ tí wọ́n ń fà pàápàá ní ètò tirẹ̀. Mánúà á wà ní fírì, kọ́kọ́rọ́ á wà lójú rẹ̀ kí ọwọ́ ìdarí má baà tì. Ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bíréèkì á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tó ń ràn án lọ́wọ́ ti kú. Ọ́tò kò ṣe é wọ́ nílẹ̀ bẹ́ẹ̀: òróró kì í yí nínú gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́, yóò sì jó ara rẹ̀ láìpẹ́. Àwọn ẹsẹ̀ tó ń wakọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé kúrò nílẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sórí ọkọ̀ pẹrẹsẹ.

Nígbà tí wọ́n bá dé ọgbà tí wọ́n ń já ọkọ̀ sí, ẹ́ńjìnnì dísù tó ní tọ́bò á ṣì máa yí lórí ìdúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ooru kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni awakọ̀ á pa á, á fa bíréèkì ọwọ́, á sì fi ọkọ̀ sínú gíà: kìíní bí orí rẹ̀ bá kọjú sí òkè, rífáàsì bó bá kọjú sí ìsàlẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ á ti òkúta sẹ́nu táyà kó tó tú húùkù.